Ohun Tí Jẹ́sì Ọmọ Tíṣà Sọ fún Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má baà di pé mo tàn yín: alágbàfọ̀ ni mí. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí, àfi èyí tó bá fò kọjá ògiri bọ́ sínú báàfù omi mi, tí mo bá jù ú padà. Ṣùgbọ́n ọdún tí mo fi fọ aṣọ agbábọ́ọ̀lù lé ní ọgbọ̀n, ohun tí mo sì rí nínú aṣọ wọn, ọ̀pọ̀ kóòṣì ò rí i lórí pápá.

Ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Kóòṣì lónìí, tó máa ń tiro lọ tiro bọ̀ létí pápá, tí kì í jókòó títí eré á fi parí, èmi mọ̀ ọ́n nígbà tó ń sáré. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé tòun ti fèrè lọ́rùn ni wọ́n ṣe bí i. Bí mo bá sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ yẹn ti mú kí odindi pápá dìde rí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Bàbá Rájí ti darúgbó. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ ti iṣẹ́ tèmi, ẹ ó máa bá tiẹ̀ pàdé nínú rẹ̀.

Abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọkọ́ ló sì yẹ kí n jogún, ṣùgbọ́n eruku ebè máa ń dí mi láyà, èémí mi á máa dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ni bàbá mi bá mú mi lọ bá Ọ̀gá Bùráímọ̀, alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí ibùdó rélùwéè. Ọ̀gá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n na ọwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá ń rùn kò lè fọ aṣọ kó mọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Odindi ọdún kan ni mo fi pọn omi kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọṣẹ. Aṣọ funfun lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀, ti aláìsàn lọ́tọ̀. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí kò fi ní ṣe kókó. Áyọ́ọ̀nù eléèédú la ń lò nígbà náà, ó wúwo bí ọmọ ọdún kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó, ẹ ó gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ò ní jẹ́ kó kàn án. Àpá tó wà lábẹ́ etí òsì mi yìí, ọjọ́ tí mo sún mọ́ ọn jù ni. Omi tí a ń wọ́n sórí aṣọ, ẹnu la fi ń fẹ́ ẹ bí ìrì, Ọ̀gá kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìdí tábìlì láì tíì rin orín.

Ọ̀gá kì í na èèyàn. Bí aṣọ tí o fọ̀ kò bá mọ́, wọ́n á kàn tún un rì sínú omi láì wí nǹkan kan, o máa tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan rí, omijé mi nínú omi náà sì pọ̀ ju ọṣẹ lọ.

Ṣùgbọ́n òfin tí wọn kò fi ṣeré rárá ni ti ẹnu. Kò sí ohun tí aṣọ ń fi pamọ́ fún alágbàfọ̀. Ẹni tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó sùn síbi tí kò yẹ, ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sunkún, gbogbo rẹ̀ là ń rí. Gàníyù tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ rí lẹ́tà obìnrin kan nínú àpò ṣòkòtò akọ̀wé rélùwéè kan, ó sì sọ ọ́ létí odò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyàwó akọ̀wé ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọ̀gá ní kí Gàníyù máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Rájí, ohun tí aṣọ bá sọ fún ẹ, jẹ́ kó bá omi lọ."

Mo di ọ̀rọ̀ náà mú. Ọ̀rọ̀ rere ni, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà. Òun náà ló padà wá di ẹrù tí mo rù fún ọdún púpọ̀.

Ìtàn bí mo ṣe dé ilé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́nà Mọníyà kò gùn. Ẹnìkan tí mo ń fọ aṣọ fún di akọ̀wé ẹgbẹ́, ó ní kí n máa bọ̀. Owó oṣù ibẹ̀ kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ omi kan, okùn mẹ́rin, àti àpò jẹ́sì olówùú tí ẹrẹ̀ ti jẹ wọnú.

Ibẹ̀ ni mo ti bá Kúnlé pàdé. Ọmọ ìlú Ìrókò ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé àti díákónì, wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí. Àwọn èrò pápá ń pè é ní Ọmọ Tíṣà. Jẹ́sì nọ́ńbà méje ló ń wọ̀, apá ọ̀tún ló sì ti ń gbá. Bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ro bí òun ṣe máa kí àgbàlagbà, á sì ti kọjá lára ẹni tó ń ṣọ́ ọ kí onítọ̀hún tó gbé ẹsẹ̀. Mo rí ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá pápá tó gbàgbé ẹ̀pà rẹ̀ nítorí ọmọ yìí.

Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló máa ń yí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ síta kó tó jù ú sínú agbọ̀n. Á ní, "Bọ̀dá Rájí, ẹ kú iṣẹ́." Nígbà míì á jókòó tì mí nídìí tábìlì, á máa kọ orin ìsìn lábẹ́ ohùn, èmi á máa lọ aṣọ lọ. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ orin wọn tó mẹ́wàá títí di òní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn eré tí òjò pa, mo na ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, nǹkan kan jábọ́ láti inú rẹ̀. Ó jẹ́ awẹ́ aṣọ àǹkárá àtijọ́, gígùn rẹ̀ tó apá méjì, òórùn òrí àti ewé gbígbó wà lára rẹ̀. Mo gbé jẹ́sì rẹ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni ẹrẹ̀ wà. Mo yẹ ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú wò, èyí tí mi ò tíì fọ̀, bákan náà ni. Agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ dá kì í máa ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó yé mi pé orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ó sì ń fi pamọ́, nítorí àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó.

Mo jókòó sórí àpótí mi, mo ro ó. Mo rántí Gàníyù. Nígbà tó yá mo dìde, mo fọ awẹ́ aṣọ náà, mo sá a, mo lọ̀ ọ́ kó dán, mo ká a bíńtín, mo fi sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún bá a níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí òjò fi lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ tí àwọn ayanni wá jókòó sí iwájú, èmi wà ní igun pápá pẹ̀lú àpò aṣọ. Kúnlé gba bọ́ọ̀lù, ó dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó yí padà. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́ ọ, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi ìdáná. Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan.

Wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Awẹ́ aṣọ náà tú síta lórí koríko, ojú ìká tí mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kóòṣì wa nígbà náà gbé e sókè, ó béèrè pé kí lèyí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́ lójú mi.

Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gbé e padà sí Ìrókò, mo wọkọ̀ lọ kí i. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n sì jókòó tì mí. Wọn kò mọ̀ ju pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ni mí. Wọ́n ní àwọn làwọn ya ìró àwọn fún ọmọ náà láti máa fi di orúnkún, pé ó ti bẹ àwọn kí bàbá rẹ̀ má gbọ́.

Wọ́n wá ní, "Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń bá a fọ̀ ọ́. Tó bá wálé, mo máa ń rí i pé wọ́n ti lọ̀ ọ́. Mo sọ fún un pé, Kúnlé, ẹni yòówù tó ń ṣe èyí, ó fẹ́ràn ẹ."

Kúnlé dojú kọ ògiri. Mo dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú abọ́. Mo fọwọ́, mo ní ọkọ̀ lè má sí mọ́ tó bá pẹ́ jù, mo sì lọ. Láti ọjọ́ náà, ó pẹ́ gan-an kí n tó tún tẹ Ìrókò.

Iṣẹ́ ń yí padà lójú mi ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Áyọ́ọ̀nù oníná dé, a fi èédú sílẹ̀, ṣùgbọ́n iná kì í sí, a tún padà sídìí èédú. Jẹ́sì olówùú lọ, èyí tó ń yọ̀ bí ọ̀rá dé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, nọ́ńbà mẹ́sàn-án lẹ̀ mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù mi, ó fi ihò ràgàjì sílẹ̀ lẹ́yìn jẹ́sì. Ẹni tó ni ín wọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì jẹ gòólù méjì, ni kò bá jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Níkẹyìn, ẹ̀rọ ìfọṣọ dé. Ó dára, mi ò ní parọ́, ẹ̀yìn mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í wo aṣọ. Odidi àpò ni wọ́n máa ń dà sínú rẹ̀, á máa yí i. Èmi ò jẹ́ kí aṣọ kankan wọ ibẹ̀ láì kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, kí n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìmọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ní mò ń fi àkókò ṣòfò.

A máa ń gbúròó Kúnlé. Wọ́n ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù ní Ajíbọ́dé, lórí ilẹ̀ kan tí onílẹ̀ ò tíì kọ́, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó di igbákejì kóòṣì níbòmíì. Nígbà tí a gbọ́ pé òun ni wọ́n fẹ́ mú wá ṣe kóòṣì wa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀wé pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó dé, kí ó tó rí agbábọ́ọ̀lù kankan, ó tiro wá sí yàrá mi. Mo dìde, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ó ní kí n má pe òun ní ẹ. A fẹnu kò pé níwájú àwọn ọmọ, ẹ ni màá máa pè é, ṣùgbọ́n nínú yàrá yìí, Kúnlé ṣì ni. Mo fún un ní àpótí mi kó jókòó. Èmi ni mo béèrè.

"Kúnlé, ṣé o bínú sí mi?"

Ó ní, "Bọ̀dá Rájí, ká ní ẹ sọ nígbà yẹn ni, ǹ bá kórìíra yín. Ṣùgbọ́n bóyá ǹ bá ṣì máa sáré."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní èmi nìkan kọ́ ni mo dákẹ́, pé òun náà ń bá awẹ́ aṣọ náà nínú ìbọ̀sẹ̀ ní lílọ̀, òun sì mọ ẹni tó ń lọ̀ ọ́. Ó wá ní láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí mo bá rí nínú aṣọ àwọn ọmọ, kí n máa sọ fún òun. Mo sọ òfin Ọ̀gá Bùráímọ̀ fún un. Ó ronú sí i.

"Tó bá jẹ́ ti obìnrin tàbí ti ìjà ilé, ẹ jẹ́ kó bá omi lọ. Tó bá jẹ́ ti ara, ẹ má jẹ́ kó lọ."

Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé òfin tí èèyàn ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ pa mọ́ kì í tètè bọ́ lára.

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ nígbà tí Sàlíù jẹ́ balógun ẹgbẹ́. Ọmọ àdúgbò Ọlọ́runṣògo ni, ó lágbára bí akọ màlúù, ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún àkọ́kọ́. Eré kan ṣoṣo ló kù tí a máa gbá kí ẹgbẹ́ wa lè gòkè sí ìpele tó ga jù. Nígbà tí eré náà ku ọjọ́ mẹ́ta, mo gbọn ṣòkòtò péńpé rẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ bíńtín níwájú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ egbò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ìtọ̀ jáde ni. Mo rántí pé wọ́n ti fi orúnkún gbá a ní ìbàdí nínú eré tó kọjá, tó dìde, tó ní kò sí nǹkan kan.

Mo di ṣòkòtò náà mú títí omi tí mo ti ṣí fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ bí mo bá sọ ọ́. Mo pa ẹ̀rọ omi, mo gbé ṣòkòtò náà lọ bá Kóòṣì.

Ó pe Sàlíù wá sínú yàrá mi. Sàlíù ní irọ́ ni, ó tún ní kò dun òun, ó wá bojú wò mí, ó ní kí ni alágbàfọ̀ mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Kóòṣì ò bá a jiyàn. Ó jókòó, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún náà hàn án, bó ṣe rí gbágungbàgun. Ó sọ ti awẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sọ bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́, kò bu iyọ̀ sí i, kò yọ nǹkan kúrò.

Ó ní, "Èmi ni mo wà ní ipò tí o wà yìí. Mo yan eré kan, mo pàdánù gbogbo èyí tó kù. Dìde, ká lọ rí dókítà."

Sàlíù sunkún kó tó dìde. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti ṣèṣe, pé bí wọ́n bá tún gbá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè di ọ̀rọ̀ pósí. A gbá eré náà láìsí i, wọ́n sì nà wá. Àwọn èrò ń sọ ọ̀rá omi lu Kóòṣì, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ pè é jókòó, wọ́n ní kí ló dé tó yọ balógun. Ó ní ìpinnu òun ni. Kò dárúkọ mi, kò sì tú àṣírí Sàlíù. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e.

Sàlíù kò kí mi fún oṣù púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó dúró. Ọmọ náà tọ̀ sí mi lára. Sàlíù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ẹ ó béèrè bóyá kí ẹ kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Mi ò lè sọ. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí yín nídìí rẹ̀, wọn kì í sábà kí yín ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé kò sí iṣẹ́ tó kéré tí ayé ẹlòmíì kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ ó sọ̀rọ̀. Èyí kejì yìí, kò sí ọ̀gá tó lè kọ́ni tán.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún mi báyìí, mo sì ń ríran díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, mo ti ń fi òkùnkùn ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan. Mo kọ́kọ́ pè é ní eruku ọyẹ́. Funfun tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí wá di ohun kan náà lójú mi, mi ò mọ èyí tó mọ́ mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń retí ọjọ́ tí ẹnìkan máa mú aṣọ ìdọ̀tí wá bá mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráhùn, mo bá ní àlùbáríkà ni, ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ ju ojú lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí a fẹ́ rìnrìn àjò, mi ò padà sùn lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo lọ sílé ẹgbẹ́ ní ìdájí. Iná wà nínú yàrá mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kóòṣì ló jókòó sórí àpótí mi, ó na ẹsẹ̀ burúkú yẹn síwájú, báàfù wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ọrùn jẹ́sì. Mo mọ ohùn orin tó ń kọ kí ojú mi tó dá a mọ̀.

"Kúnlé, kí lò ń ṣe?"

Ó ta gìrì. Ó ní òun kàn fẹ́ fọ̀ díẹ̀ ni. Mo ní mo ti fọ gbogbo rẹ̀ lánàá.

"Ẹ fọ̀ ọ́. Ọrùn rẹ̀ ló kù díẹ̀."

Mo béèrè pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ọyẹ́ la wà yẹn. Mo jókòó sórí àpò aṣọ. Mo ní ṣebí òun ló ní kí ohun tó bá jẹ́ ti ara má bá omi lọ.

Ó ní, "Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti sọ ọ́. Ẹnu mi ò gbà á, Bọ̀dá Rájí."

Mo na ọwọ́, ó fi jẹ́sì náà lé e, mo gbé e súnmọ́ ojú. Mi ò rí ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ̀ pé ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé kò mọ aṣọ ṣan.

"Kí n tún un ṣan lẹ́ẹ̀melòó?"

"Títí omi á fi mọ́."

Ó da omi náà nù, ó bu òmíràn. Mo sún àpò mi mọ́ báàfù, mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo kó ọwọ́ tèmi náà sínú omi tútù náà. A jọ ṣan gbogbo rẹ̀, òun ń bá mi wo ọrùn, èmi ń bá a wá ọṣẹ, títí ọkọ̀ àwọn ọmọ fi fun fèrè níta pé ilẹ̀ ti mọ́.